Ẹ Gbọ́ Ẹjọ́ Ọpọlọ Mọ́tò Kí Ẹ Tó Dá A Lẹ́bi

    

Iṣẹ́ iná mọ́tò, èyí tí gbogbo yín mọ̀ sí ríwáyà, ni mo fi ń jẹun níhìn-ín ní Àgbádárìgì. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu àwa oníṣẹ́ ọkọ̀, kò sí èyí tó ń já onímọ́tò láyà tó gbólóhùn kékeré kan: “Brain box ẹ ti lọ.” Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ báyìí, ẹni tó ni ọkọ̀ á káwọ́ lérí, nítorí ó mọ̀ pé ìnáwó tí òun kò múra sílẹ̀ fún ti dé. Gbólóhùn yìí ni mo bá wá sórí afẹ́fẹ́ lónìí. Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ: èyí tó pọ̀ jù nínú brain box tí wọ́n ti sọ pé ó kú kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, kò kú rárá. Ẹjọ́ rẹ̀ ni wọn kò gbọ́ tán. Àwọn baba wa ló sì sọ pé àgbọ́ẹjọ́ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà á rántí pé ojú títì Àgbádárìgì wa yìí náà, ní Ọ̀jọ́, ni iléeṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò lọ́dún 1975. Ìjàpá là ń pe ọ̀kan nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń tò níbẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú ìjàpá. Kábúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, kọ́ńtáàtì tó wà nínú disitíríbútọ̀ ló sì ń ṣètò ìgbà tí púlọ́ọ̀gì máa ta iná. Mẹ́káníìkì tó bá ní sukurudiráfà kan àti etí tó já fáfá lè tún un ṣe lábẹ́ igi àgbọn. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1967 ni Volkswagen kan náà, ní Jámánì, ti gbé ẹ̀rọ Bosch tó ń fi iná pín epo sínú ọkọ̀ 1600 tí wọ́n ń tà sí Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni brain box, àpótí kékeré tó jẹ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kábúrétọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi gba gbogbo rẹ̀ tán.

Àpótí pẹlẹbẹ ni, kò sábà ju ìwé ńlá kan lọ. Nínú ọkọ̀ kan, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà. Nínú òmíràn, ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Àwọn sẹ́ńsọ̀ ni ojú àti etí rẹ̀. Ọ̀kan ń sọ fún un bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, òmíràn ń sọ bí afẹ́fẹ́ tó wọlé ṣe pọ̀ tó, òmíràn ń sọ ibi tí kíráńkì yí dé. Òun á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, á pàṣẹ fún ínjẹ́tọ̀ pé kó da epo, á pàṣẹ fún kọ́ìlì pé kó ta iná. Ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe yára tó: bí ẹ́ńjìnnì oníhò mẹ́rin bá ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́nà ẹgbẹ̀rún, ìyẹn 3,000, láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà ọgọ́rùn-ún ni púlọ́ọ̀gì máa ta iná láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Àpótí yìí ló ń ka gbogbo rẹ̀, tí ọ̀kan kò sì gbọ́dọ̀ bọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ṣojú mi. Ìyá kan wà níhìn-ín tó ń kó àgbọn láti etíkun lọ sí ìgboro Èkó. Toyota Sienna tòkunbọ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Bó bá já sí kòtò, á kú. Bí wọ́n bá dúró díẹ̀, á tún jí. Nígbà tó yá, kò jí mọ́. Wọ́n fà á lọ síbì kan, wọ́n síkáànì rẹ̀, wọ́n ní brain box ni. Ìyá ra brain box tòkunbọ̀. Ọkọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó kú. Wọ́n ní èyí tí wọ́n rà ni kò dáa, ìyá tún ra òmíràn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ̀ tún kú. Nígbà tí wọ́n fi okùn fà á dé ọ̀dọ̀ mi, ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó wò mí lójú, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé inú orí kan ṣoṣo ni ọpọlọ mẹ́ta máa kú sí?”

N kò rí èsì fọ̀. Mo kàn ní, “Màmá, ẹ fún mi láyè díẹ̀.”

Ọjọ́ kejì ni mo tó rí i. Mo ń fi ọwọ́ tọ àwọn wáyà ẹ́ẹ̀tì (ìyẹn wáyà tó ń dá kọ́rẹ́ǹtì padà sí négátífù bátìrì) tó ti ara ẹ́ńjìnnì lọ sí brain box, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo rọra fa ọ̀kan, ó nà bíi rọ́bà. Ara wáyà tó ní bàbà nínú kì í nà bẹ́ẹ̀. Mo là á. Bàbà inú rẹ̀ ti di ẹbu aláwọ̀ ewé. Ní òkè ibẹ̀ gan-an ni ihò kékeré kan wà tí kò tó ojú abẹ́rẹ́: ẹnì kan ti fi ṣóńṣó tẹ́sítà gún wáyà náà rí nígbà tó ń wá kọ́rẹ́ǹtì. Ihò yẹn ni afẹ́fẹ́ òkun gbà wọlé. Ìdí tí ọkọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan bí wọ́n bá ti pààrọ̀ brain box kò ju pé wọ́n mi wáyà náà nígbà tí wọ́n ń tú u, tí bàbà tó kù sì tún fara kanra díẹ̀. Mo gé ibi tó jẹrà kúrò, mo fi wáyà tuntun tí kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ so ó, mo fi òjé jó o, mo bò ó dáadáa. Mo dá brain box àkọ́kọ́ padà, èyí tí wọ́n ní ó kú. Ìyá fúnra rẹ̀ ló yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ jí.

Ẹ̀yin ará mi, ọwọ́ tó ń wá àìsàn ló gbin àìsàn síbẹ̀. Ẹ sì rántí ibi tí à ń gbé. Lítà omi òkun kan ní tó gíráàmù iyọ̀ 35 nínú. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ wá láti etíkun, tí gbogbo wa fẹ́ràn nírọ̀lẹ́, ó ń gbé iyọ̀ náà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Páànù òrùlé wa mọ̀ ọ́n, irin fèrèsé wa mọ̀ ọ́n. Wáyà tí wọ́n gún nílùú tó jìnnà sókun lè pẹ́ kó tó bàjẹ́. Èyí tí wọ́n gún ní Àgbádárìgì kì í pẹ́.

Báwo la ṣe wá ń gbọ́ ẹjọ́ brain box? Ẹlẹ́rìí wà, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bátìrì ni ká kọ́kọ́ pè. Bátìrì tó yó máa ń fi bíi fọ́ltì 12.6 hàn lórí mítà nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì ṣiṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, tí ọ́tánétọ̀ sì dára, ó sábà máa ń wà láàárín 13.5 sí 14.7. Bí ẹ bá ń sítáàtì, tí mítà já wálẹ̀ kọjá 10, brain box lè máa ṣe ségesège. Ebi ló ń pa á, kò ya wèrè. Ẹ fún un lóunjẹ ná, kí ẹ tó pe dókítà.

Lẹ́yìn bátìrì, ẹ̀rọ síkáànì ló kàn. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ síbi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, ẹ má tíì sítáàtì. Iná tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn. Bí kò bá tàn rárá, tí gílóòbù rẹ̀ kò sì jó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kọ́rẹ́ǹtì ni kò dé brain box: ẹ wo fíúsì, ẹ wo rìlé, ẹ wo ẹ́ẹ̀tì. Bó bá tàn, ẹ ki síkáànì bọ ojú ihò ẹlẹ́sẹ̀ 16 tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Amẹ́ríkà ló sọ ojú ihò yẹn di dandan fún ọkọ̀ tuntun láti ọdún 1996, ìdí nìyẹn tí síkáànì kan fi lè bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Bí síkáànì kò bá tan iná, ẹ má dẹ́bi fún ọkọ̀. Ẹsẹ̀ 16 ló yẹ kó ní kọ́rẹ́ǹtì bátìrì, ẹsẹ̀ 4 àti 5 ló yẹ kó ní ẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wá fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí síkáànì ń sọ, kí ẹ má sì fi kún un. Bó bá ní P0335, ohun tó ń wí ni pé òun kò gbọ́ ohùn dáadáa láti ọ̀nà sẹ́ńsọ̀ kíráńkì. Kò ní kí ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀. Ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀, ó lè jẹ́ wáyà tó so mọ́ ọn. Bó bá ní U0100, àwọn kọ̀ǹpútà yòókù nínú ọkọ̀ ló ń sọ pé àwọn kò gbúròó brain box ẹ́ńjìnnì. Wọn kò sọ ìdí tó fi dákẹ́. Ẹni tó dákẹ́ lè ti kú lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni. Àwọn kóòdù tó ń nàka sí brain box fúnra rẹ̀ ni P0601, P0604, P0605 àti P0606, tó jẹ mọ́ iyè rẹ̀ tàbí ìrònú rẹ̀. Kódà bí ẹ bá rí ìwọ̀nyí, ẹ má tíì kọ ìdájọ́. Ẹlẹ́rìí ṣì kù.

Wáyà kọ́rẹ́ǹtì àti wáyà ẹ́ẹ̀tì tó wọ inú brain box ló kù, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa ti ń ṣubú. Àwa ríwáyà máa ń fi mítà tó ń ké “píì” wo wáyà. Bó bá ti ké, a ní wáyà dára. Irọ́ ni. Nínú okùn bàbà ogún tó wà nínú wáyà kan, bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, mítà á ké. Igi kan tí wọ́n fi la odò lè gba ewúrẹ́ kọjá, kò lè gba akẹ́rù. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: ẹ gbé mítà sí fọ́ltì, ẹ fi ẹnu pupa kan ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì lẹ́nu brain box, ẹ fi ẹnu dúdú kan orí négátífù bátìrì, kí ẹnì kan wá sítáàtì ọkọ̀. Ohun tí mítà bá fi hàn kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi fọ́ltì 0.1 lọ. Bó bá fi 0.5 hàn, tàbí 1, ẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́ níbì kan. Ẹ wá ibẹ̀. Ẹ ó rí i lórí bóòtì tó ti dípẹtà, tàbí nínú wáyà tó ń nà bíi rọ́bà.

Ẹlẹ́rìí tó gbẹ̀yìn ni fọ́ltì 5 tí brain box ń pín fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn sẹ́ńsọ̀. Bí fọ́ltì 5 yìí bá di òfo, kíá ni wọ́n ń dájọ́ ikú. Ẹ ní sùúrù. Ẹ máa yọ ẹnu wáyà àwọn sẹ́ńsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wo mítà. Bí fọ́ltì 5 bá padà wá nígbà tí ẹ yọ ọ̀kan, sẹ́ńsọ̀ yẹn tàbí wáyà rẹ̀ ni ọ̀daràn. Òun ló di ọrùn gbogbo wọn mú.

Bí gbogbo ẹlẹ́rìí bá ti sọ̀rọ̀ tán, tí bátìrì yó, tí kọ́rẹ́ǹtì pé, tí ẹ́ẹ̀tì mọ́, tí sẹ́ńsọ̀ kò lẹ́bi, tí brain box kò sì ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé òun ló jẹ̀bi. Brain box ń bàjẹ́ lóòótọ́, n kò sọ pé kì í bàjẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, iléeṣẹ́ Toyota fúnra rẹ̀ pe ọkọ̀ Corolla àti Matrix tó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn tó jẹ́ ti ọdún 2005 sí 2008. Ohun tí wọ́n rí ni pé ojú òjé tí wọ́n fi jó ẹ̀yà kan mọ́ pátákó inú brain box lè sán, tàbí kí ẹ̀yà kan tó ń dáàbò bò ó sán. Iná ẹ́ńjìnnì á tàn, jíà á máa já gìrì, ọkọ̀ lè kọ̀ kó má jí, ó sì lè kú lórí eré. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ wo Corolla tó kún ojú títì wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bọ̀, òkun ló gbé wọn wá, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní tòkunbọ̀. Àwọn mìíràn gba Kútọnù kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wa yìí, kí ìjọba àpapọ̀ tó fòfin de gbígba ojú ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé láti oṣù kìíní ọdún 2017. Ọkọ̀ la rà, a kò ra ìtàn rẹ̀. Bí Corolla yín bá jẹ́ ti ọdún wọ̀nyẹn, ẹ sọ fún oníṣẹ́ yín kó mọ̀. Àmọ́ kó ṣì yẹ̀ ẹ́ wò o. Orúkọ burúkú tí ìdílé ní kò sọ gbogbo ọmọ di olè.

Bó bá wá di dandan ká pààrọ̀ rẹ̀, ẹ gbọ́ ohun mẹ́rin yìí.

Ìkínní, ẹ wá ohun tó pa á. Bí kọ́ìlì tàbí ínjẹ́tọ̀ kan bá ti ṣọ́ọ̀tì, tó sì jó brain box àkọ́kọ́, yóò jó èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ẹ má sin òkú kan kí ẹ tún gbé ẹlòmíràn lé ọwọ́ apànìyàn.

Ìkejì, ẹ bá nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ mu. Bí ẹ bá lọ sí Ládìípọ̀ ní Múṣin, tàbí ASPAMDA tó wà ní Trade Fair lójú títì wa yìí, ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání. Nọ́ńbà ti Toyota sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 89661. Kó má ṣe jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni ẹ máa wò, ẹ kà á dópin. Corolla méjì lè jọra bí ìbejì, kí ọ̀kan jẹ́ oníjíà ọwọ́, kí èkejì jẹ́ ọ́tómátíìkì. Brain box ọ̀kan kò ní bá èkejì lò. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì bá ọlọ́jà sọ ọ́ kó yé ara yín bóyá ó máa gbà á padà.

Ìkẹta, ẹ má ju ti àtijọ́ nù, ẹ má sì tà á fún àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́mù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, brain box mọ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ dunjú. Bí ẹ bá gbé àjèjì wọlé, kò ní mọ kọ́kọ́rọ́ yín, ọkọ̀ lè jí kó tún kú lójú ẹsẹ̀, tàbí kó má jí rárá. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lè da ìrántí inú ti àtijọ́ sínú tuntun, kí wọ́n lè mọ ara wọn. Ó sì ṣeé ṣe kó tún ti àtijọ́ gan-an ṣe, bó bá jẹ́ ojú òjé ló sán.

Ìkẹrin, ẹ tú négátífù bátìrì kí ẹ tó yọ brain box tàbí kí ẹ tó dá a sáyè rẹ̀. Ohun kan náà ni kí ẹ ṣe bí wẹ́dà bá fẹ́ jó irin lára ọkọ̀ yín. Bí ẹ bá ń ya kọ́rẹ́ǹtì lára ọkọ̀ ẹlòmíràn, ẹ wo pọ́sítífù àti négátífù lẹ́ẹ̀mejì. Àṣìṣe ìṣẹ́jú kan lè pa ohun tí kò ṣe yín níbi.

Ní ti àwa ará etíkun, ẹ jẹ́ ká máa fi sáńpépà nu orí ẹ́ẹ̀tì àti orí bátìrì, ká sì fi gíríìsì bò wọ́n lẹ́yìn tí a bá dè wọ́n le. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fi omi alágbára fọ ẹ́ńjìnnì yín. Bí ọkọ̀ bá wọ inú omi lákòókò òjò, ẹ má sítáàtì rẹ̀. Ẹ tú bátìrì, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ wò ó kó gbẹ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ríwáyà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká dẹ́kun gígún wáyà. Ẹ̀yìn ẹnu wáyà ni ká ti máa wò ó. Bó bá sì di dandan kí a gún un, ká bo ihò rẹ̀ kí a tó kúrò níbẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń wò wá, ohun tí wọ́n bá rí lọ́wọ́ wa ni wọ́n máa ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀, ẹ kò ní láti mọ iṣẹ́ wa kí ẹ tó lè dáàbò bo owó yín. Ìbéèrè kan péré tó. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé brain box yín ti lọ, ẹ bi í pé, “Fọ́ltì mélòó lẹ bá lórí ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà tí ẹ ń sítáàtì?” Oníṣẹ́ tó gbọ́ ẹjọ́ náà á sọ iye rẹ̀ fún yín. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ má tíì sanwó.